Àjẹ̀ Ọkọ̀ Nínú Ọrùn Gìtá

Jékọ́bù Ọmọgbèmí, Àkànní ọmọ olómi. Ọmọ a-jí-tukọ̀-kílẹ̀-ó-tó-mọ́. Ọmọ a-fẹja-ṣàlejò, tó tún ń bá àlejò yọ egungun. Jékọ́ Okùn-Dẹ̀, ọkọ Fúnmiláyọ̀, bàbá Bọ́sẹ̀dé. Ìrókò tí kò ga, tí gbogbo ẹyẹ Bárígà ń wá bà lé. O fọwọ́ kan okùn létí ọ̀sà, wọ́n jó ní Ṣómólú.

Bí mo ṣe ń pè ọ́ yìí, mo mọ̀ pé o ò ní dáhùn. Ìgbà tí o wà láyé gan-an, ènìyàn ní láti pè ọ́ títí kí o tó yíjú, torí ariwo ampilifáyà ti di etí òsì rẹ.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń wá jókòó síwájú ilé mi, tí ẹ ń bi mí pé, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ṣì lè bọ́ ènìyàn láyé ìsinsìnyí?" ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí fún. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Iṣẹ́ àtúnṣe gìtá ni mo fi ayé mi ṣe, títí ojú mi fi di ojú tí kò rí okùn tín-ín-rín mọ́. N kò lè sọ ìtàn iṣẹ́ yìí kí n yọ Jékọ́ kúrò nínú rẹ̀. Gìtá kan ṣoṣo ló so èmi àti ẹ̀ pọ̀. Gìtá yẹn kan náà ló fẹ́ da èmi àti ọmọ rẹ̀ obìnrin rú nígbà tí òkú rẹ̀ wà ní mọ́ṣúárì. Màá dé ibẹ̀.

Bàbá Láwàní ni ọ̀gá mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló mú mi lọ bá wọn ní Ṣómólú. Ohun tí wọ́n san àti ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, kò kàn yín. Káfíńtà ni ọ̀gá mi tẹ́lẹ̀, àga àti bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń kàn, kó tó di pé àwọn ẹgbẹ́ olórin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé gìtá tó fọ́ wá bá wọn. Ṣọ́ọ̀bù wa wà láàárín ilé ìtẹ̀wé méjì. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú á mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ ń lù gbàgà, gbàgà, ilẹ̀ ń gbọ̀n, omi inú ife ń gbọ̀n. Nítorí náà, a kì í lẹ igi pọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Igi méjì tí gúlù kò tíì mú, bí ilẹ̀ bá ń gbọ̀n lábẹ́ wọn, wọ́n á yẹ̀ lórí ara wọn. Ojú lè má rí i, ṣùgbọ́n okùn á rí i. Ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé bá lọ jẹun ọ̀sán la máa ń sáré lẹ nǹkan kéékèèké. Iṣẹ́ ńlá di ọjọ́ Àìkú. Gbogbo ayé ń dúró de ọjọ́ Àìkú láti sinmi, àwa ń dúró dè é láti ṣiṣẹ́.

Ó pẹ́ kí n tó fọwọ́ kan gìtá. Gúlù ni mò ń sè. Kì í ṣe gúlù inú ike tí ẹ ń fún jáde lónìí. Awọ màlúù gbígbẹ ni, inú agolo mílíìkì tí a gbé sínú omi gbígbóná la ti ń yọ́ ọ, òórùn rẹ̀ á sì gba àdúgbò kan. Ìyá Sùúrù tó ń ta búrẹ́dì níwájú wa kò lè fara dà á.

"Láwàní! Ẹran wo lò ń sè láti àná tí kò jinná?"

"Ẹran àlejò ni," ọ̀gá mi á dáhùn láì gbójú sókè. "Ẹ mú búrẹ́dì wá, ká fi jẹ ẹ́."

Bí gúlù bá hó, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá mi kì í pariwo, wọn kì í nani. Wọ́n á kàn da gbogbo agolo sí gọ́tà, wọ́n á ní, "Tún un ṣe." Ó ń dun ènìyàn ju pàṣán lọ. Kàsálì tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ bú sẹ́kún lọ́jọ́ kan tí wọ́n da tirẹ̀ nù. Wọ́n ní, "Kàsálì, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìwọ ń fi iná mú un." Wọ́n sì gbé agolo tuntun fún un.

Ohun kan wà tí ọ̀gá mi ń ṣe tí n kò rí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí onígìtá tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ bá kú, wọ́n gbọ́dọ̀ lọ dẹ okùn gìtá rẹ̀ kí wọ́n tó sin ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ lé wọn, ilé Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́líìsì ni, ní Palmgrove. Àwọn ènìyàn ń sunkún ní pálọ̀. Ọ̀gá mi bọ́ bàtà, wọ́n kí opó, wọ́n gba gìtá, wọ́n jókòó sórí àpótí. Wọ́n wá ń yí àwọn èèkàn orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti orí okùn tó nípọn jù dé èyí tó tín-ín-rín jù, títí gbogbo wọn fi rọ̀ bí okùn tí a ń sá aṣọ sí. Nígbà tí a ń bọ̀ nílé, mo bi wọ́n léèrè.

"Múdà, okùn tó le ń fa igi tọ̀sán tòru. Bí olówó rẹ̀ bá wà, á máa ṣọ́ ọ. Bí kò bá sí mọ́, ta ni yóò ṣọ́ ọ? Ìyẹn ni ti igi." Wọ́n rìn síwájú díẹ̀. "Ti ènìyàn ni pé ẹni tó ti ṣíwọ́, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé òun ti ṣíwọ́."

Ẹnu ìgbà yẹn ni Jékọ́ wọlé tọ̀ wá. Ọmọ Ìlàjẹ ni. Etí òkun Oǹdó ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá tẹ̀dó sí etí ọ̀sà ní Bárígà. Bàbá rẹ̀ ń pẹja kó tó kú, ìyá rẹ̀ ń yan án. Ó gbé gìtá oníná kan tó rà lọ́wọ́ atukọ̀ òkun wá, ó wé e sínú àpò ìyẹ̀fun. Kàsálì yínmú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé gìtá lẹ gbé wá ni àbí ẹja kíká?"

"Gìtá ni," Jékọ́ dá a lóhùn. "Ẹja ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ dáná sílẹ̀."

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín, ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni Jékọ́ ti di ọ̀rẹ́ mi.

Rọ́ọ̀kì ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lù. Orin àwọn òyìnbó onírun gígùn ni, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ ọ́, wọ́n á tún fi èdè Ìlàjẹ tí wọ́n ń sọ nílé Jékọ́ kún un. Sáyọ̀ ni akọrin, Táíwò ló ń lu ìlù. Àwọn àgbà àdúgbò ní ariwo lásán ni. Àwa ọ̀dọ́ ń sáré tẹ̀ lé wọn.

Ibi ijó ìparí ọdún kan ni àjálù ti ṣẹlẹ̀, nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti wó báyìí. Òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án, orí pèpéle tutù. Wọn kò so iná gbọ̀ngàn náà mọ́ ilẹ̀ bó ṣe yẹ. Bí ọwọ́ ènìyàn bá wà lórí okùn gìtá, tí ètè rẹ̀ sì kan máíkì, ara ẹni náà ni iná yóò gbà kọjá. Ọ̀gá mi kì í yé kìlọ̀ fún àwọn onígìtá: "Igi tó bá fẹ́ gúnni lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ máíkì wò kí ẹ tó fẹnu kàn án." Jékọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ayọ̀ ló jẹ́ kó gbàgbé. Àwọn èrò ń kọrin, ó fẹ́ bá Sáyọ̀ gbè é, ó tẹ ẹnu mọ́ máíkì. Mo rí i tó le gbagidi. Lẹ́yìn náà ó fò sẹ́yìn, ó já bọ́ láti orí pèpéle, gìtá wà lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Kí Táíwò tó fa wáyà iná yọ, gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ìró kan láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: ìró igi tó ń ṣẹ́. Ìró yẹn ṣì wà létí mi.

Jékọ́ kò kú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jó, egungun ìhà rẹ̀ sán, wọ́n dá a dúró ní ọsibítù. Ṣùgbọ́n gìtá ti ṣẹ́ lọ́rùn. Ọ̀gá mi gbé e wò, wọ́n ní, "Ẹ fi èyí dáná."

Kò pẹ́, ìyá Jékọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù. A rò pé wọ́n wá bú wa ni, torí wọ́n ti ń sọ kiri pé gìtá ló fẹ́ pa ọmọ àwọn. Wọ́n gbé àjẹ̀ ọkọ̀ kan sórí tábìlì, èyí tí bàbá Jékọ́ fi ń tukọ̀. Ẹnu rẹ̀ ti já, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà, igi dúdú tó ń dán bí awọ.

"Láwàní, ọmọ mi ò jẹun. Ó ní bí kò bá sí gìtá òun, kí n má wulẹ̀ gbé oúnjẹ wá. Mo kórìíra nǹkan yẹn, ṣùgbọ́n n ò kórìíra ọmọ mi. Igi yìí ti mu omi, ó ti jẹ iyọ̀, kò ṣẹ́ rí. Ẹ bá mi fi tì í lẹ́yìn."

"Ìyá, gúlù kò fẹ́ràn igi tó ti jẹ iyọ̀."

"Ẹ bẹ gúlù."

Ọ̀gá mi wo igi náà pẹ́. Wọ́n gbẹ́ ihò gígùn sínú ọrùn gìtá, wọ́n gé ọwọ́ àjẹ̀ náà sí tẹ́ẹ́rẹ́, èmi ni mo fá a títí ó fi wọ inú ihò bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ àkọ̀. A wá dúró de ọjọ́ Àìkú. Ṣé ẹ rí ayé? Ọjọ́ Àìkú yẹn gan-an ni Alàgbà Dúródọlá, tó ni ilé ìtẹ̀wé ọwọ́ ọ̀tún wa, ní iṣẹ́ kánjúkánjú, káàdì ìgbéyàwó. Ẹ̀rọ wọn ń lù. Ọ̀gá mi lọ bá wọn. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà dákẹ́, Alàgbà sì jáde síta, wọ́n ń nu ọwọ́. Wọ́n ní, "Ìyàwó lè dúró. Ọmọ ọlọ́mọ ò jẹun."

Nígbà tí gúlù gbẹ, ọ̀gá mi so okùn sí i, wọ́n fi etí kan ara igi, wọ́n ń fà á díẹ̀díẹ̀. Kí okùn tó le dé ibi tí okùn gìtá yòókù máa ń le dé, igi náà ké: kín-ín. Wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n dẹ̀ ẹ́ padà sẹ́yìn. Nígbà tí Jékọ́ wá gbà á, wọ́n sọ fún un níṣojú mi pé, "Ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyí. Má fà á kọjá ibí láéláé."

Okùn tó dẹ̀ kì í ké bí èyí tó le. Ńṣe ló ń kùn. Ohùn gìtá náà lọ sílẹ̀, ó wúwo, bí ọkọ̀ tó ń fi ikùn wọ́ lórí yanrìn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó, inú bí Sáyọ̀.

"Jékọ́, ta ló kú tí gìtá ẹ fi ń sunkún? Ibo ni mo fẹ́ rẹ ohùn mi sílẹ̀ dé?"

"Rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jàre. Ṣé òkè ni wọ́n ti ń jó ni?"

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ohùn yẹn ni gbogbo Bárígà mọ̀ ọ́n mọ́. Ohùn yẹn ni wọ́n gbà sórí àwo, òun ni wọ́n ń pè ní ohùn Jékọ́, òun ló sọ ọ́ ní Okùn-Dẹ̀. Àwọn onígìtá láti Ṣómólú títí dé Akoka bẹ̀rẹ̀ sí í gbé gìtá tó pé, tí ara rẹ̀ le, wá bá mi, lẹ́yìn tí ọ̀gá mi ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi.

"Ọ̀gá Múdà, ẹ bá wa ṣe é bíi ti Jékọ́."

"Ṣé tiyín náà ti ṣẹ́ lọ́rùn ni?"

Wọ́n á rò pé mò ń ṣe yẹ̀yẹ́. Màá dẹ okùn wọn, màá fi okùn tó nípọn sí i, wọ́n á lọ. Lónìí, àwọn ọmọ ọmọ tí kò rí Jékọ́ rí ń dẹ okùn gìtá wọn. Wọn kò mọ̀ pé ohun tí àjẹ̀ ọkọ̀ bàbá kan lè gbé ló fi ìwọ̀n ohùn náà lélẹ̀. Àwọn kan fún Jékọ́ ní gìtá tuntun láti òkè òkun. Ó dúpẹ́, ó gbé e fún ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ìyàwó tuntun ni, Múdà. Kò mọ ibi tí iyọ̀ wà."

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Nígbà tí okùn gìtá wọ́n, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ la máa ń tú, a ó yọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ fi ṣe okùn. Ó ń gé ọwọ́, ṣùgbọ́n ó ń dún. Irin tí a fi ń jó òjé mọ́ wáyà, orí èédú la ti ń mú un gbóná. Oníná dé, a dúpẹ́, iná kì í sì í sí, a padà sórí èédú. Gúlù inú ike dé, Ìyá Sùúrù sinmi. Báyìí, fóònù ni wọ́n fi ń wo bí okùn ṣe le sí. Ọmọ kan tó ń kàwé ní Akoka, Dámiláre, fi tirẹ̀ hàn mí: o ta okùn, ọfà kékeré kan ń rìn lójú fóònù, bó bá dé àárín, á di àwọ̀ ewé. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo ní kó bá mi fi sórí tèmi. Nígbà tí a gbé e sún mọ́ gìtá Jékọ́, ọfà náà ń lọ, ó ń bọ̀.

"Bàbá Jékọ́, àárín ohùn méjì lẹ wà, sà."

"Ibẹ̀ ni ilé mi," Jékọ́ dáhùn.

Òun nìkan ló ń fa okùn rẹ̀. Èmi tí mo ń tún gbogbo nǹkan yòókù ṣe, kì í jẹ́ kí n fà á. Nígbà tí etí rẹ̀ di, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín di etí gìtá mú bó bá ń yí èèkàn, kí ìró lè gba egungun ẹnu wọ orí rẹ̀. Ojú eyín rẹ̀ wà lára igi náà títí dòní.

Ó jẹun ọ̀sán, ó ní òun fẹ́ sùn díẹ̀, kò jí mọ́.

Bọ́sẹ̀dé, ọmọ rẹ̀, ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀ ní Ṣómólú, kò jìnnà sí ibi tí ṣọ́ọ̀bù wa wà láyé ijọ́un. Kí àwọn ẹbí má bàa máa fa gìtá mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ó gbé e lọ síbi iṣẹ́, ó gbé e kọ́ sára ògiri. Nígbà tí mo lọ kí i, mo rí i. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ̀n. Òrùn ń ràn sórí páànù. Okùn sì wà ní fífà. Mo dijú kan, mo wò ó láti ẹ̀gbẹ́: ọrùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

"Bọ́sẹ̀, ọmọ mi, sọ ọ́ kalẹ̀ kí n dẹ okùn yìí."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Gúlù inú rẹ̀ dàgbà jù ẹ́ lọ. Ooru yìí, ẹ̀rọ yìí, kò ní gbà."

"Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kú ni wọ́n fà á, sà. Mo wà níbẹ̀. Wọ́n fi eyín dì í mú, wọ́n ń yí i, wọ́n ń ṣẹ́jú sí mi. Orin wọn wà lórí fóònù mi. Àwòrán wọn wà. Ọwọ́ wọn ni kò sí níbì kankan mọ́, àfi lára èèkàn yẹn. Bí ẹ bá yí i, ó tán nìyẹn."

Ẹ má rò pé mo gbọ́n ju ọmọ náà lọ. Èmi náà kò fẹ́ yí i. A kì í sì í fá orí lẹ́yìn olórí. Mo ní kó kàn gbé e jìnnà sí ẹ̀rọ. Ó gbé e sí ògiri kejì. Ilẹ̀ kan náà ni.

Mo ń lọ, mo ń bọ̀. Ní àkọ́kọ́, ẹyọ kọ́bọ̀ ló lè gba àárín okùn àti igi kọjá. Nígbà tó yá, ìka mi ń gba ibẹ̀ kọjá. Ọjọ́ ìsìnkú ń sún mọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi ń dún létí mi, Bọ́sẹ̀ kò sì yí ohùn padà. Fúnmiláyọ̀ ìyá rẹ̀ ní kí n má bá a jà. Mo ní kì í ṣe òun ni mò ń bá jà.

Ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú, mo lọ gba ìwé ètò ìsìn tí Bọ́sẹ̀ ń tẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Ẹ̀rọ ń sáré, ojú Jékọ́ ń jáde lórí bébà, ọ̀kan lé èkejì. Bí mo ṣe jókòó, mo gbọ́ ọ láàárín ariwo: kín-ín.

Bọ́sẹ̀ yíjú. "Kí nìyẹn?"

"Gúlù ló fẹ́ jáwọ́. Bó bá já, àjẹ̀ bàbá bàbá rẹ á yọ síta, kò sí ẹni tó máa lè tò ó mọ́. Ọ̀gá mi ti kú. Ojú tèmi ti lọ."

Ó wo gìtá. Ó wo bébà tó ń jáde. Mo sọ fún un ohun tí Bàbá Láwàní sọ fún mi lójú ọ̀nà Palmgrove, pé ẹni tó ti ṣíwọ́, ẹ jẹ́ kó mọ̀. N kò fi kún un.

"Wàsíù!" ó pe òṣìṣẹ́ rẹ̀. "Pa ẹ̀rọ."

Ilẹ̀ dákẹ́. Bọ́sẹ̀ sọ gìtá kalẹ̀, ó gbé e lé itan, ó fi àtàǹpàkò fa gbogbo okùn lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ampilifáyà, ohùn náà kéré, ṣùgbọ́n òun ni. A jẹ́ kó dún títí ó fi tán.

"Ẹ fi bí wọ́n ṣe ń yí i hàn mí."

Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé èèkàn. "Èyí tó nípọn ló ṣáájú. Díẹ̀díẹ̀."

Kò yí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Ó lọ́wọ́ọ́wọ́," ó wí.

Ooru páànù ni. N kò sọ ọ́.

Ó yí i. Okùn àkọ́kọ́ kùn, ó rọ̀. Ó bọ́ sórí èkejì. Nígbà tó kan èyí tó tín-ín-rín jù, ọrùn gìtá náà ti ń padà sí títọ́, mo rí i, mo sì fi ìka tọ́ ọ wò: kò sán. Bọ́sẹ̀ fi ọwọ́ pa ojú eyín bàbá rẹ̀ lára igi náà.

"Dádì, ẹ ti ṣíwọ́," ó wí. Ó nu ojú. "Wàsíù, tan ẹ̀rọ. Ìwé ṣì kù."

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ bi mí léèrè: bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ọwọ́ lè bọ́ ènìyàn. Ó bọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ wá ọ̀gá tí yóò da gúlù yín nù.

A sin Jékọ́bù Ọmọgbèmí lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì. Òrùn mú. Mo da erùpẹ̀ tèmi sí i, mo sì lọ sílé.